Ọ̀nà Ọ̀fun àti Àpótí Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ oúnjẹ àti ìnáwó sọ níbi lọ́ńṣìn ẹgbẹ́, ní Sábọ̀n Gàrí, Kano

 

A mọ̀ pé ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa sí nínú ètò yìí kò dára. Ẹ ṣí ìwé ètò yín wò, lẹ́yìn wa gan-an ni "Jíjẹ àti Mímu" wà. Ẹni tó bá dúró sáàárín Yorùbá àti abọ́ iyán, ó yẹ kí ó tètè sọ tẹnu rẹ̀ kí ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n àwa tí ẹgbẹ́ yàn sí ìdí oúnjẹ àti ìnáwó ni a fúnra wa bèèrè fún ààyè yìí, nítorí pé ohun tí ẹ óò rí nínú àwo yín láìpẹ́ yóò ya yín lẹ́nu, ó sì sàn kí ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀ ju kí ẹ máa bú olùdáná lọ. Ẹran kọ̀ọ̀kan ni. A tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn: ẹyọ kan. Kì í ṣe olùdáná ló jí èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dìde, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kórìíra oúnjẹ. Bí Yorùbá bá kórìíra oúnjẹ, ta ni yóò fẹ́ràn rẹ̀? Àwa náà la ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. A to oúnjẹ bí ẹni to ìjòyè, olúkálukú ló mọ àyè rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí pàápàá, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú tí èèyàn ti wá, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè, ẹ gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá rí àmàlà tó bèèrè gbẹ̀gìrì kí ó tó bèèrè ẹran, ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ẹni tó bá ní iyán kò burú láàárọ̀, Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà ni. Ẹ̀gbá yóò wá láfún. Ìjẹ̀bú yóò bèèrè ìkọ́kọrẹ́. Bí kò bá sí, yóò yọ gàárì tirẹ̀ jáde láti inú báàgì, nítorí pé ó ti mọ̀ láti ilé pé kò ní í sí. Ní ti àwọn ará Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ẹ bá gbé síwájú wọn ni wọn yóò jẹ, ṣùgbọ́n wọn yóò bèèrè iye tí ẹ rà á, wọn yóò sì sọ ibi tí ẹ bá ti rà á tí kì bá ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa tó bá ọkọ̀ ojú irin dé ìlú yìí lẹ́yìn 1912 kò gbé ẹrù púpọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé èlùbọ́. Títí di òní, èlùbọ́ ṣì ń wọ mọ́tò wá bá wa láti Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ rò ó wò: òkèlè àmàlà kan ní Sábọ̀n Gàrí ti rìnrìn-àjò ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín lọ. Ó ti san owó ọkọ̀, ó ti san owó alábàárù, ó ti san owó fún àwọn tó ń ta okùn sójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ni ẹ sì ń fi ọbẹ̀ gbé mì. Èyí tó tún ń pa wá lẹ́rìn-ín ni ti gbẹ̀gìrì. Púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí àwọn ará ilé ń sè, apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ti ń lọ bá wọn. Ọjà Dawanau tí àwọn tírélà ti ń kó o kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Síbẹ̀ èèyàn wa yóò jókòó sí Kano, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní gbẹ̀gìrì ilé ló ń wu òun jẹ. Àwọn ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ ní tiwọn. Túwó àti míyàn kúkà ni wọ́n bá dàgbà, máásà ni wọ́n ń jẹ lọ sí ilé ìwé, bí a bá sì gbé àmàlà síwájú wọn, wọn á bi wá pé kí ló jóná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò sí nínú irú oúnjẹ, ó wà nínú ọwọ́ tí a fi ń jẹ ẹ́. Bàbá kan wà nínú wa, ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí báyìí, a kò ní í dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì má bojú wẹ̀yìn. Ní 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí May tí ohun gbogbo gbówó lórí, bàbá yìí pe ilé rẹ̀ jọ, ó ní ẹran ti parí, àfi ọjọ́ Jímọ̀. Ìyàwó gbà, àwọn ọmọ gbà. Pọ̀nmọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà. Ní alaalẹ́, bí bàbá bá ti kí ìrun alẹ́ tán, yóò ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀, dókítà ló ní kí òun máa rìn. Inú ìyàwó rẹ̀ ń dùn pé ọkọ òun ń tọ́jú ara. Oṣù mẹ́ta ló fi rìn bẹ́ẹ̀; ohun tó sì ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu ni pé bí ó ti ń rìn tó ni ikùn rẹ̀ ń yọ sí i. Lọ́jọ́ kan ìyàwó fẹ́ fọ agbádá, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé ìròyìn kan jáde. Yájì wà lára rẹ̀, àlùbọ́sà tó ti gbẹ wà nínú rẹ̀, igi súyà sì gún un lọ́wọ́. Ìyá náà kò pariwo. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì, ó gbé ẹ̀bà tì í, ó ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wá jẹun o. Mo ti bá yín rí ẹran."

Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Bàbá ní owó òun ni òun fi jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin ní kí ó tún un sọ, kò tún un sọ mọ́. Àwọn àgbà dá a lẹ́jọ́ pé kí ó máa mú ìyàwó rẹ̀ dání bí ó bá ń lọ rìn. A gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jọ rìn nísinsìnyí, wọ́n sì ń mú tàwọn ọmọ délé.

Ẹ má wá rò pé ahun ni a ní kí ẹ dì. A ti ní ahun nínú ìlú yìí rí. Ọ̀kan ti lọ bá àwọn baba rẹ̀, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Gàárì ni ó ń mu láàárọ̀, gàárì ni ó ń mu lọ́sàn-án, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá sì dùn jọjọ, yóò fi ẹ̀pà sí i. Ẹ rántí pé ìlú ẹ̀pà ni a wà, Kano tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà kan rí pé wọ́n ń to àpò ẹ̀pà jọ bí òkè. Ẹyọ mẹ́wàá ni bàbá yìí ń kà sínú ife. Kò gbé ọtí, kò ra aṣọ, kò bá wa jẹ ní òde. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é. Ó fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìlú rẹ̀, ilé tó dára, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí a wá bá òun ṣí i, a wọ mọ́tò, a lọ. Wọ́n gbé itan adìyẹ tó tóbi jù síwájú rẹ̀. Eyín ti tán. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì nà án sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í, ó ní, "Bá mi jẹ ẹ́, kí o sì sọ bí ó ti rí fún mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a wọ mọ́tò padà, kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan yóò ní ọ̀wọ́n òde ìwòyí ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọ̀wọ́n kì í ṣe àlejò wa. Àwọn àgbà tó wà níwájú yìí rí owó Udoji ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, nígbà tí wọ́n ka àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ láti April 1974, tí àwọn kan gbé rédíò tuntun sínú yàrá tí kò ní bẹ́ẹ̀dì. Ọjà gbọ́ pé owó dé, ọjà sì gun igi. Wọ́n rí 1984, tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó ní April, tí àwọn ìyá wa ń tò fún mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ìfọṣọ bí ẹni tò láti dìbò. Ní 1987 tí ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n kó àlìkámà wọlé mọ́, búrẹ́dì di ohun tí a ń gbé lọ kí aláìsàn, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa tó rántí pé àkàrà àti ẹ̀kọ ṣì wà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò kéde pé, ní June 2024, oúnjẹ ti wọ́n ju ti June 2023 lọ ní ohun tó lé ní 40 nínú 100. Ẹni tó ń lọ sọ́jà kò dúró de ìkéde.

Àwọn èèyàn wa tó ti Ghana dé sì wà. Ní November 1969 tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ti fi ogún ọdún jẹun kánú níbẹ̀ àti ẹni tó ti fi ogún ọdún fi ebi panu kọ́lé síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ gbà wálé. Nítorí náà a kò lè dúró níhìn-ín kí a sọ fún yín pé ẹ má jẹ, kí ẹ máa kó o pamọ́. Àwa kò gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tó dùn wá.

Ẹ rántí àjọ̀dún wa lọ́dún tó kọjá. Màlúù méjì ni a pa. Ìrẹsì pọ̀, iyán pọ̀, ẹran pọ̀ débi pé àwọn kan gbé e lọ sílé nínú kúlà. Ìgbìmọ̀ yìí kò ní í fi ara rẹ̀ pamọ́, kúlà búlúù tí ẹ rí lẹ́yìn mọ́tò yẹn, tiwa ni. Ẹ mọ ìtàn Ìjàpá nílé àna rẹ̀, bí ó ti da àṣáró gbígbóná sínú fìlà tó sì dé e mórí, tí orí rẹ̀ fi pá. Kò ní kúlà ni.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn àjọ̀dún náà, lóru, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa tó wà nínú oyún. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Èkó. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní kí wọ́n san owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Owó náà kò tó ìdajì màlúù kan. Wọ́n sáré wá kan ilẹ̀kùn akápò, akápò ṣí àpótí ẹgbẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni rìsíìtì màlúù méjèèjì, rìsíìtì àga àti kánópì, àti owó tí kò ju èyí tí a fi lè ra epo sí mọ́tò lọ.

A mú báàfù kan, a ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Agogo kan òru ti kọjá. Àwọn kan fún wa, àwọn kan rò pé olè ni wá, wọ́n pa iná. A dé ilé ìyá alákàrà kan. Ìyá yìí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, nítorí pé lọ́dún mẹ́ta ṣáájú kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san, a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. A kò tilẹ̀ ní í lọkàn láti yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnìkan ló ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó jáde, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé agolo mílíìkì kan jáde. Owó ẹ̀wà àti owó òróró ọ̀la ni. Ó dà á sínú báàfù lódidi. Ó ní, "Ẹ má dúró kà á níwájú mi, ẹ máa sáré lọ." Nígbà tí a kà á ní ilé ìwòsàn, ó ju ti ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a gbé kúlà lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìyá là á já. Ọmọ kò là á já. Dókítà kò sọ pé wákàtí méjì tí a fi ń kan ilẹ̀kùn ló fà á, àwa náà kò sì bi í.

Ọjọ́ mẹ́rin ni iná alákàrà yẹn kò jó, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìrí nǹkan rà. Lọ́jọ́ karùn-ún a dá owó rẹ̀ padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó lé, ó yọ èyí tó lé fún wa. A ní kí ó máa mú un. Ó ní òun kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́, ìṣirò òun pé.

Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń jókòó. A kò ní í fi gbogbo àríyànjiyàn wa dá yín dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀kan. Nígbà tí a dé orí oúnjẹ òní, ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé gúgúrú àti omi tútù nìkan ni kí a gbé fún yín, kí gbogbo owó lè wọ àpótí. Obìnrin kan dìde, ó ní Yorùbá tó bá fi gúgúrú ṣe àlejò ní Kano, kí ó ká ẹrù rẹ̀ kí ó wọ ọkọ̀ sílé. A dìbò. Gúgúrú rí ìbò kan. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ìdí nìyí tí a fi fi owó sí ọbẹ̀, tí a yọ ọ́ kúrò nínú iye ẹran. Ẹ óò rí i pé ata pé, epo pé, irú pé, iyán kò sì ní kókó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ àfikún iyán, kí ó na ọwọ́. Bí ó bá fẹ́ àfikún ẹran, kí ó rìn lọ lálẹ́, bàbá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yóò fi ọ̀nà hàn án.

Owó màlúù tí a kò pa wà nínú àpótí kan tí a ń pè ní àpótí òru. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní, ilé méjì ni kọ́kọ́rọ́ náà sì wà, kí ọ̀kan má bàa rìnrìn-àjò kí ilẹ̀kùn má ṣí. Ìbímọ, àìsàn òjijì àti òkú nìkan ló lè ṣí i. Kò ní í ra àga, kò ní í ra aṣọ, kò ní í gba àlejò. Owó tí ẹ bá ná lónìí, inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ títí yóò fi kún dé ibi tí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí. Ẹ̀yìn náà ni a ó wá sọ ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́. A mọ̀ pé gbọ̀ngàn ni a fi pè yín. Ẹ má bínú sí wa.

Ti ẹ̀wà náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, láti October lọ, ẹ̀wà a máa rọjú ní Dawanau. Nígbà tí ó bá fi di July àti August, ẹni tó ń ra mudù kan ń fi ọwọ́ gbé àyà. Ẹgbẹ́ yóò ra tiwa ní odidi àpò nígbà ìkórè, a ó sì máa pín in ní iye tí a rà á àti owó ọkọ̀ nìkan. Kòkòrò ni ó máa ń ba ìmọ̀ràn yìí jẹ́. Àwọn kan nínú wa ń da oògùn eku àti oògùn ẹ̀fọn sínú ẹ̀wà, ẹ dákun ẹ jáwọ́, oògùn bẹ́ẹ̀ ti pa odidi ìdílé rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Àpò onípele mẹ́ta wà lọ́jà, ọ̀rá méjì ní inú, àpò híhun ní ìta. Ẹ rí i pé ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ di ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó le. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní í rí atẹ́gùn mí, yóò kú, ẹ̀wà yóò sì wà bí ó ti wà fún oṣù púpọ̀ láìlo oògùn kankan. Ìdí kan ṣoṣo tí a fi ń ṣí i kí àsìkò tó tó ni ojúkòkòrò, a kò sì tíì rí àpò tó ń pa ìyẹn. Tòmátì náà, January sí March tí ó ń ṣòfò nínú agbọ̀n ní ọjà wa, ẹ gé e, ẹ sá a sóòrùn. Àwọn aládùúgbò wa Háúsá ti ń ṣe é kí a tó dé, àwa ni a ń wò wọ́n.

Ní ti aṣọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ní i, kí ó wọ̀ ọ́. A kò fi ka èèyàn mọ́.

Àwọn tó ń gbé àwo ti dé ẹnu ọ̀nà, a sì rí ojú tí alága fi ń wò wá. Àkàrà tí ẹ óò kọ́kọ́ jẹ, ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dín in. A san owó rẹ̀ fún un lánàá kí ó tó rẹ ẹ̀wà, orúkọ rẹ̀ sì ti padà sí àárín tiwa nínú ìwé ẹgbẹ́. Kí àwo tó dé ọ̀dọ̀ yín, báàfù kan yóò kọjá níwájú yín. Báàfù alẹ́ ọjọ́ náà ni. Ó ti tẹ̀ létí níbi kan, ẹ óò dá a mọ̀.